Àyè Aṣọ Àṣàkẹ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ẹ ní mo ti ń ṣarán. Ẹ má wulẹ̀ sẹ́, mo gbọ́ yín. Etí mi kò gbọ́ràn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn mi, kò sí èyí tó ń bọ́ lọ nínú rẹ̀. Bísọ́lá, ìwọ lo sọ ọ́ fún Wàsíù àbúrò rẹ nídìí kànga, pé Màmá àgbà ti fi abẹ tú kọ́tìnnì pálọ̀, pé wọ́n dá ihò gbọọrọ sí i láàárín, láti òkè dé ilẹ̀, pé ó ti tó ọdún méjì báyìí, kí ẹ gbé tuntun kọ́ kí àlejò má baà máa rí i. Ẹ sì ti ra tuntun náà. Mo rí i nínú ọ̀rá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Aláwọ̀ eérú ni, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ ní òní ni ọmọkùnrin tó máa kọ́ ọ ń bọ̀.

Kó tó dé, ẹ wá jókòó sórí ẹní níbí. Kì í ṣe orí àga tí ẹ kò tíì bọ́ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ yẹn, ara mi kì í gba kí àga máa pariwo lábẹ́ mi bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Mo fẹ́ sọ ìdí tí ihò yẹn fi wà níbẹ̀ fún yín. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá yín àgbà gan-an kú láìgbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ẹ mọ̀. Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n ti bí mi, aṣọ ni ìyá mi ń tà níbẹ̀. Orí ìdì aṣọ ni mo ti ń sùn láti kékeré. Mo mọ òórùn aró kí n tó mọ òórùn ọbẹ̀. Bí mo bá di ojú, tí ẹ fi aṣọ lé mi lọ́wọ́, mo lè sọ fún yín bóyá kíjìpá tí obìnrin hun nínú ilé ni, tàbí òfì tí ọkùnrin hun lábẹ́ igi. Nígbà náà, bí èèyàn bá ń lọ láàárọ̀ ní àdúgbò wa, ìró òfì ló máa gbọ́ ní ọ̀tún àti òsì, kọ́kọ́kọ́, kọ́kọ́kọ́, ó máa ń bá ìrìn ẹsẹ̀ ẹni mu. Lónìí, ẹ̀rọ amúnáwá ló gba ojú ibẹ̀. Ìyẹn náà ń ró, àmọ́ kò bá ìrìn ẹnikẹ́ni mu.

Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ní ìyàwó, aṣọ ẹnu ọ̀nà yìí, tí ẹ ń pè ní kọ́tìnnì, ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, ojú mi ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kì í ṣe aṣọ kan. Gbogbo obìnrin tí wọ́n bá gbé wọ ilé yìí ló gbọ́dọ̀ mú aṣọ kan dání láti ilé ìyá rẹ̀, gígùn rẹ̀ á tó ìlẹ̀kùn, ìbú rẹ̀ kò sì ní ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ìyá ọkọ á pe àwọn ìyàwó ilé jọ, á fa abẹ́rẹ́ àti òwú lé ìyàwó tuntun lọ́wọ́, ìyàwó tuntun á sì fúnra rẹ̀ rán aṣọ tirẹ̀ mọ́ ti ẹni tó wọlé ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tó bá já òwú náà tán ni wọ́n tó máa yọ̀, tí wọ́n á ní ó ti di ara ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ṣe ń fẹ̀ sí i. Àdìrẹ wà níbẹ̀, kíjìpá wà níbẹ̀, ànkárá ẹlẹ́yẹ wà níbẹ̀. Ẹyọ àlàárì pupa kan wà nípẹ̀kun, ti Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi nìyẹn. Bí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré níwájú rẹ̀, wọ́n á máa na ìka sí i, "Èyí ni ìyá mi, èyí ni ìyá tìẹ." Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé pàápàá lè kà á.

Òfin kan ṣoṣo ló rọ̀ mọ́ ọn. Aṣọ ìyàwó kì í kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá lé e. Bí ó bá kú, aṣọ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Bí ó bá lọ ìdálẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, á wà níbẹ̀. Àmọ́ bí ilé bá ti kọ obìnrin, ìyá ọkọ nìkan ló láṣẹ láti tú aṣọ rẹ̀ kúrò. Obìnrin tó bá ti ọjà dé, tó rí i pé aṣọ òun kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Á kàn lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ni. Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn, torí òun ni mo fọwọ́ ara mi bàjẹ́.

Etù tí ìyá mi yàn fún mi ni mo rán mọ́ ọn, èyí tó dúdú bíi àṣálẹ́, tí ìlà funfun tín-ín-rín gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyá Àgbà wo ojú abẹ́rẹ́ mi, wọ́n fi gíláàsì wò ó, wọ́n tún yọ gíláàsì wò ó. Wọ́n ní láti òní lọ, èmi ni màá máa tọ́jú aṣọ inú ilé. Àṣẹ ńlá ni. Aṣọ ìrọ̀rí, aṣọ tí a ń tẹ́ sórí àga onígi, aṣọ tí a fi ń bo àpótí, aṣọ tí a fi ń bo ìkòkò omi, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Rédíò bàbá yín àgbà láṣọ ju ìyàwó mìíràn lọ nígbà náà, ó ní ti ọjọ́ Jímọ̀, ó ní ti ọjọ́ lásán.

Ẹ̀yin ń rò pé a kàn ń to àkísà pọ̀ ni. Rárá o. Bí o bá fi aṣọ oníṣẹ́ ńlá síbí, oníṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Onílà á la àárín wọn. Lẹ́yìn náà ni aláwọ̀ kan ṣoṣo á wá, kí ojú lè rí ibi sinmi. Àwọ̀ kan tó bá wà nínú aṣọ orí àga gbọ́dọ̀ yọjú díẹ̀ nínú aṣọ ìrọ̀rí, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Àwọn èèyàn máa ń ti àdúgbò Takie wá kí n bá wọn to aṣọ ilé ọmọ wọn tó ń gbéyàwó. Èmi náà á gbé ìjókòó mi sáàárín pálọ̀ wọn, màá máa pàṣẹ, "Ẹ gbé ìyẹn kúrò, ẹ gbé èyí wá." Ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní parọ́.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Òwú àràbà la máa ń dì sínú ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kan, Àlùfáà wá ṣàdúà fún wa, wọ́n jókòó lé ìrọ̀rí tí mo kánjú rán, ó bẹ́ lábẹ́ wọn. Òwú fò sókè, ó bà lé irùngbọ̀n wọn, ó bà lé fìlà wọn, àdúà sì ń lọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a ṣe àmín tán ni Àlùfáà gbọn irùngbọ̀n wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, o ti mú mi hewú kí ọjọ́ orí mi tó pé." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo aṣọ ilé ló máa sọ̀ kalẹ̀, a ó kó wọn lọ sódò. Ilé á wá ṣófo, á máa dún gbọ̀ǹgbọ̀n bí agbè òfìfo. Àwọn ọmọdé kì í fẹ́ràn ọjọ́ méjì yẹn, wọ́n á ní ilé ń ba àwọn lẹ́rù. Lẹ́yìn tí aṣọ bá gbẹ lórí koríko, a ó fi kùmọ̀ lù ú kó lè dán, a ó sì tún wọn kọ́. Nínú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Ọdún kẹta tí mo wọlé ni Ràímì, àbúrò ọkọ mi, gbé Àṣàkẹ́ dé. Ọmọ abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni. Kò ga, kò sì lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. "Ìyálé mi" ló ń pè mí. Bí mo bá jí, ó ti gbálẹ̀ iwájú yàrá mi. Kò mọ abẹ́rẹ́ mú nígbà tó dé, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ ní ojú abẹ́rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí ìyá mi fi kọ́ mi, èyí tí èèyàn kì í rí àfi kó fọwọ́ wá a. A jọ máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, bàbá yín, tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, á wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wa, a ó máa rán aṣọ, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wa.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí Àṣàkẹ́ mú wá! Kíjìpá ni, pupa àti àwọ̀ ìyeyè, kò sí èyí tó fẹ́ gbà fún èkejì nínú wọn. Ìlà rẹ̀ kò gún. Ó nípọn níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn, ó tún wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mutí. Ìyá rẹ̀ ló hun ún nígbà tí ojú ìyá náà ti ń fọ́, lẹ́yìn rẹ̀ kò hun òmíràn mọ́ tó fi kú. Òun nìkan ni nǹkan ìyá rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ Àṣàkẹ́. Ẹ̀gbẹ́ etù mi gan-an ló bọ́ sí, torí èmi ni mo wọlé ṣáájú rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ìta wọlé, aṣọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ pariwo mọ́ mi. N kò sọ ọ́ síta. Àmọ́ ó ń dùn mí, bí ẹ̀gún tí kò hàn síta.

Lọ́dún kejì tí Àṣàkẹ́ dé, ìyá mi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ pé àwọn máa wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ mi. Wọn kò dé ilé ọkọ mi rí. Ẹ fojú inú wò ó: ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní Akẹ̀sán, tí gbogbo ìlú ń bi léèrè aṣọ tó bá ara mu, ló máa wá dúró níwájú ẹnu ọ̀nà tí mo ń tọ́jú. Àṣàkẹ́ ti gbàyè lọ sí abúlé lọ bá bàbá rẹ̀ wa iṣu, ó ní ó dọjọ́ kejì ọdún kí òun tó dé. Aṣọ ẹnu ọ̀nà wà nílẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Mo ní kí n kàn yọ kíjìpá yẹn fún ọjọ́ méjì péré. Bí ìyá mi bá ti lọ, màá dá a padà, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà ni màá tọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mo gbé bàbá yín pọ̀n, mo ti ìlẹ̀kùn yàrá, mo tú u. Òwú kan kò já. Mo rán etù mi pọ̀ mọ́ aṣọ ìyàwó tó tẹ̀ lé Àṣàkẹ́, mo tún gbé e kọ́. Ó gún régé. Mo dúró, mo ń wò ó, inú mi dùn; nínú wàhálà ọdún, kò sí ará ilé tó fara balẹ̀ wò ó. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ojú tí mo ní tó mọ àbùkù aṣọ gbogbo ayé, kò rí ohun tí mo ń ṣe.

Lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti yídì dé, ìyá mi wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ tọ aṣọ náà láti ọ̀tún dé òsì. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

"Ó mọ́," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ó sùn. Oníjà inú rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Oníjà bíi ti báwo, Ìyá mi?"

"O mọ̀ ọ́n. Bí a bá da aṣọ pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń bá àwọn yòókù jà. Òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Èyí dà bí ilé tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ẹnì kan." Wọ́n bá wọlé, wọ́n jókòó.

Mo pinnu pé bí wọ́n bá ti jẹun tán, màá lọ gbé kíjìpá náà. A bu oúnjẹ, àlejò kún pálọ̀, ìyá mi ń bá Ìyá Àgbà ṣàwàdà. Èmi jókòó sí ìkángun, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni mo rí ẹsẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Aṣọ yẹn kì í kanlẹ̀ tán, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ ni. Mo mọ bàtà rẹ̀, èmi ni mo rà á fún un. Eruku ọ̀nà bo ẹsẹ̀ náà dé kókósẹ̀.

Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé ó ti bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun tètè padà, torí òun fẹ́ wá kí ìyá Ìyálé òun. Ìdí tó fi tètè dé nìyẹn.

Ẹsẹ̀ náà dúró. Mo rí i tí aṣọ náà mì díẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a níbi tí tirẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mo rí ìdí apẹ̀rẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ náà yí padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè dìde. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin márùn-ún lọ. Mo lè ké pè é, "Àṣàkẹ́, dúró, èmi ni." Àmọ́ àlejò wà níjòókòó, ìyá mi wà níjòókòó, wọ́n á bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo jókòó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì ń wò ó. Iṣu tuntun àti ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Ó fi aṣọ bò ó, ó fi ojú abẹ́rẹ́ tí mo kọ́ ọ ṣẹ́ etí aṣọ náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde, Ìyá Àgbà ni gbogbo ojú yí sí. Àwọn nìkan ló láṣẹ àtitú aṣọ. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n fi Kùránì búra, àwọn èèyàn mi orí. Ràímì kó àgbà lẹ́yìn, ó lọ bẹ̀ ẹ́ ní abúlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, "Kí ẹni tó tú aṣọ mi mú un wá, kó bá mi rán an padà." Ràímì wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ kàn lọ rán an fún un, Ìyá mi, kí ló le níbẹ̀?" Ìyá Àgbà ní, "Aṣọ tí n kò mú, níbo ni kí n ti rí i?" Láti ìgbà náà, Ràímì kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn oníṣòwò, ibẹ̀ ló kú sí. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nínú ilé yìí, ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé, ìka tó ṣẹ̀ ń bu ọbẹ̀ fún gbogbo ilé.

Aṣọ náà wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Ní gbogbo ìgbà, mò ń sọ pé ọ̀la ni màá sọ ọ́. Bí ọ̀la bá dé, ọ̀rọ̀ náà á ti wúwo ju ti àná lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi kò parọ́ kankan, mo kàn dákẹ́ ni, mo sì ń fi ìyẹn tan ara mi. Ọjọ́ tí a wẹ Ìyá Àgbà fún sàárè, èmi ni mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Ojú tì mí níwájú òkú.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe yí. Àwọn ìyàwó tó ń wọlé kò mú aṣọ wá mọ́, fíríìjì àti gáàsì ni wọ́n ń gbé wá. Obìnrin tó kẹ́yìn tó ń hun kíjìpá ládùúgbò yìí kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi igi òfì rẹ̀ dáná ìsìnkú. Àwọ̀ wá ń kú lára ilé. Ògiri funfun, àga eérú, kọ́tìnnì eérú. Mo dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ, Bísọ́lá, èyí tó wà lẹ́yìn Ọjà Igbó, n kò mọ̀ bóyá ìyàwó mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀ tàbí kò sẹ́nì kankan. Ilé náà dára. Kò sọ ohunkóhun fún mi nípa àwọn tó ni ín.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, obìnrin tó ń ta irú fún mi l'Ọ́jà Igbó, tí òun náà jẹ́ ará abúlé Àṣàkẹ́, ló sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré pé Àṣàkẹ́ ṣì wà láyé, pé ọ̀dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ ló wà ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Akẹ̀sán. Bísọ́lá, ìwọ lo fi mọ́tò gbé mi lọ. O jókòó sínú mọ́tò, ò ń tẹ fóònù, o rò pé ìbátan ni mo lọ kí.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti di arúgbó. Ó gbé ojú sókè, ó dá mi mọ̀.

"Ìyálé mi, ẹ kú àtijọ́."

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ta kò ó, àmọ́ mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ ó ṣubú. Kí lẹ wá gbà?"

Mo na aṣọ náà sí i. Káfúrà àpótí ń run lára rẹ̀. Mo ní, "Àṣàkẹ́, èmi ni mo tú u."

Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún mi? Ṣebí mo fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, abẹ́rẹ́ wọn máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Èyí tí mo fọwọ́ kàn lọ́jọ́ yẹn tò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n rán bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, èmi kọ́ ni mo sì rán an."

Mo ní, "O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi náà ru Ìyá Àgbà?"

Ìgbà yẹn ló tó gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n dì í rù wọ́n. Èmi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí ẹni tó tú u wá. Ta lẹ rò pé mò ń ránṣẹ́ sí? Ká ní Ìyá Àgbà ni, ǹ bá bẹ̀ wọ́n. Ìyá ọkọ lè bínú síni. Ẹ̀yin ni mo ń retí. Ọdún méjì ni mo fi ń gbálẹ̀ iwájú ilé bàbá mi, tí mò ń wo ọ̀nà. Wọ́n fi ọkọ mìíràn lọ̀ mí, mo ní rárá, Ìyálé mi ń bọ̀. Ràímì kò kọ̀ mí. Aṣọ ló kọ̀ mí."

Ó mú aṣọ náà, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ìlà rẹ̀ níbi tó ti wọ́. Ó ní, "Ibí yìí ni ojú ìyá mi ti lọ." Ó tún gbé ojú sí mi. "Kí lẹ fi sí àyè rẹ̀?"

"N kò fi nǹkan kan sí i. Mo rán àwọn tó kù pọ̀."

"A jẹ́ pé kò sí àyè mi níbẹ̀ mọ́ nìyẹn."

"Màá tú u. Bí mo bá ti délé, màá tú u. Jẹ́ kí n mú aṣọ yìí lọ, kí n bá ẹ rán an."

Ó ká a, ó fi sábẹ́ itan rẹ̀. "Rárá, Ìyálé mi. Ìgbà tí mo ní kí ẹ wá rán an ti kọjá. Èmi ni mo fọwọ́ mi rán an mọ́ ọn nígbà tí mo wọlé. Ẹ ṣí àyè rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi, tí ọkàn mi sì gbà, èmi náà ni màá wá rán an." Ó gbé ẹ̀gúsí rẹ̀, ó ń bó o lọ.

Ọjọ́ tí a dé ni mo gbé abẹ. Ojú abẹ́rẹ́ tí mo fi gbogbo ọgbọ́n mi rán láti fi bo ìtìjú, mo tú u. Ẹ wo bí oòrùn ṣe ń gba ibẹ̀ wọlé, tó ń bà lé orí ẹní. Ọ̀yẹ́ méjì ti kọjá láti ìgbà náà. Kò tíì wá, kò sì ránṣẹ́. N kò lè fi ipá mú un. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí ọ̀kan nínú wa má kú kí ọkàn rẹ̀ tó gbà. Láti ọdún méjì yìí, bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wo abẹ́ aṣọ kí n tó wo ojú ẹni.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ gbé eérú yín lọ kọ́ sí yàrá yín, n kò bá yín jà, ẹ̀yin lẹ layé. Àmọ́ pálọ̀ yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Bí Àṣàkẹ́ bá dé lónìí, tó mú aṣọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì bá kọ́tìnnì aláwọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, níbo ni yóò rán an sí?

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹnì kan wà níta. Bísọ́lá, ojú tìẹ ríran, bá mi wo abẹ́ aṣọ yẹn. Irú ẹsẹ̀ wo ni?

O ní bàtà ọkùnrin ni. Ọmọ tó fẹ́ wá kọ́ kọ́tìnnì ni.

Ó dáa. Ẹ ní kó wọlé, kó mu omi. Àmọ́ kó má fọwọ́ kan aṣọ.